Láti Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé Dé Ojú Gíláàsì: Àyẹ̀wò Èdè àti Ìṣe Oúnjẹ Títà ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìfáárà

Nínú ẹ̀kọ́ àṣà Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, orí-ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yẹ̀: oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá. Bí olùkọ́ bá dé ibẹ̀, yóò kọ orúkọ oúnjẹ sójú pátákó, yóò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gún iyán, bí wọ́n ṣe ń rokà àti bí wọ́n ṣe ń se ewédú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dà á kọ. Inú ilé ni gbogbo àlàyé náà dá lé. Ìyàwó ilé ló ń sè é, ọkọ àti ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da ọ̀rọ̀ náà kọ ti jẹun lọ́wọ́ olóúnjẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó wọ kíláàsì, wọn yóò sì tún jẹ lọ́wọ́ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Oúnjẹ títà, gẹ́gẹ́ bí òwò àti gẹ́gẹ́ bí orísun èdè, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn.

Àyẹ̀wò yìí dá lórí ìyípadà tó ti dé bá oúnjẹ títà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, bí ilé oúnjẹ onígíláàsì, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ṣe jókòó ti bùkà, tó sì ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibòmíràn. Ilẹ̀ Ìbàràpá ni ibùdó àyẹ̀wò náà, èyí tí í ṣe Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè àti Igangan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yóò gba Èkó àti Ìbàdàn kọjá kí ó tó padà sílé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyípadà náà ti gbéra. Ohun tí àyẹ̀wò yìí tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe ìyáratà ni ilé oúnjẹ tuntun mú wá. Yorùbá ti ní ìyẹn tipẹ́. Ohun tó mú wá, àti ohun tó ń mú lọ, wà nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàrin ẹni tó ń bu oúnjẹ àti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Oúnjẹ ìta kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìyípadà yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé nínú ilé nìkan ni Yorùbá ti ń jẹun kí àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, dùndú àti àádùn kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ń dáná fún láràárọ̀; ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é tà ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ̀kọ nìkan tó láti fi ìdí èyí hàn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀kọ ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti rẹ àgbàdo sómi ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ kí ògì silẹ̀, kí ó tó wá gbé e kaná. Àgbẹ̀ tó ń jí lọ sóko kò lè dúró de gbogbo èyí. Ó rọrùn kí obìnrin kan ní àdúgbò ṣe é fún gbogbo agboolé, kí wọ́n sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé. Oúnjẹ tó yá nìyẹn, ó sì ti ń yá kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá tó gbọ́ orúkọ Amẹ́ríkà. William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ènìyàn tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ Yorùbá tó ohun tí ènìyàn ń kọ àpilẹ̀kọ méjì lé lórí, ọ̀kan lórí oúnjẹ fúnra rẹ̀, èkejì lórí bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọdún 1951 ni méjèèjì jáde.

Bùkà ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọ̀nà mọ́tò àti ọmọ iṣẹ́ oṣù. Inú èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bukka lọ́hùn-ún ni ahéré tí wọ́n fi koríko kọ́. Àwọn awakọ̀, alágbàṣe, akọ̀wé àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tí wọ́n kúrò ní agboolé wọn tí kò sì sí ẹni tí yóò dáná dè wọ́n, ni wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Láti inú bùkà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti dá àpárá bùkátéríà, wọ́n gba ìrù ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ káfítéríà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba bùkà àti bùkátéríà wọlé pa pọ̀ pẹ̀lú dáńfó àti ọ̀kadà. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí àyè gidi nínú ìwé-ẹ̀kọ́ Yorùbá ti rí àyè nínú ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà lẹ́nu ọ̀nà bùkà tó yẹ kí olùṣàyẹ̀wò kíyè sí, ìyẹn aṣọ ìkélé. Nínú ìwà Yorùbá, àgbàlagbà kì í dúró jẹun lójú títì. Bí ọkùnrin tó ní aya bá ń jẹun níta, àwọn ènìyàn lè rò pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà ni olóúnjẹ ṣe máa ń ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe nítorí eṣinṣin nìkan. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ náà sókè tó wọlé ti bọ́ lójú ayé. Kò sí ẹni tí yóò ka iye òkèlè rẹ̀. Ilé oúnjẹ tuntun yọ aṣọ yìí kúrò, ó sì fi gíláàsì dípò rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Jíjẹun níta ti kúrò ní ohun ìtìjú, ó ti di àmì pé ọwọ́ ń lọ ẹnu dáadáa.

Bí gíláàsì ṣe dé

Ìtàn náà kò gùn. Ní ọdún 1940 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McDonald ṣí ilé oúnjẹ kan sí San Bernardino ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1948 wọ́n dín irú oúnjẹ tí wọ́n ń tà kù, wọ́n sì pín iṣẹ́ ìdáná sí wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀. Ní Nàìjíríà, ilé ìtajà Kingsway, tó jẹ́ ti UAC, ti ní ibi tí oníbàárà ti lè jókòó mu kọfí ní àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ di Kingsway Rendezvous ní ọdún 1973, nígbà tó sì di ọdún 1986, UAC ṣí Mr Bigg's àkọ́kọ́ ní Èkó. Sweet Sensation tẹ̀lé e ní ọdún 1994, Tantalizers ní ọdún 1997, Chicken Republic ní ọdún 2004. Ní ọdún 2009 ni KFC ti Amẹ́ríkà wọ Nàìjíríà. Mítípáì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìẹ díndín àti kéèkì ni àwọn ilé yìí kọ́kọ́ gbé sórí àtẹ. Ní àwọn ìlú ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ń mú ọmọ lọ ní ọjọ́ Àìkú àti ní ọjọ́ ìbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu àwọn ènìyàn sọ Mr Bigg's di orúkọ gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kí ó ni ín, bí wọ́n ti sọ Omo di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ alátẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ẹni tó jẹ mítípáì ní agogo kan ọ̀sán yóò ṣì máa wá àmàlà ní agogo mẹ́ta. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé oúnjẹ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ rírò wọ inú gíláàsì. Ní ìhà kejì, àwọn olóúnjẹ tó ti rí owó nídìí bùkà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìlì mọ́lẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n wọ aṣọ kan náà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní àárín. Irú ilé oúnjẹ alábọ́dé yìí, tó wọ́n ju bùkà lọ tí kò sì wọ́n tó òtẹ́ẹ̀lì, ni ó ń pọ̀ sí i lónìí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ fún un: fast casual. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ ni Chipotle, tí Steve Ells ṣí sí ìlú Denver ní ọdún 1993. Oníbàárà yóò tò dé iwájú káńtà, yóò máa nawọ́ sí ohun tó fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ yóò máa bù ú sínú abọ́ lójú rẹ̀, yóò sanwó, yóò sì lọ jókòó. Kò sí agbáwo tó ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu rẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n kọ ìwé lé ọgbọ́n yìí lórí gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tò nídìí àmàlà rí ní Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí ìyá alámàlà ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ náà ni.

Orúkọ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún onímọ̀ èdè. Àmàlà Skye ní Bódìjà, Ìbàdàn, gba orúkọ rẹ̀ lára ilé ìfowópamọ́ Skye Bank tó wà nítòsí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ti Nàìjíríà (CBN) gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ náà, Polaris Bank sì gba ipò rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ lọ, orúkọ rẹ̀ kù sórí àmàlà. Ghana High ní Èkó gba tirẹ̀ lára ilé aṣojú orílẹ̀-èdè Gánà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé oúnjẹ 805 tí wọ́n ṣí ní Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2001 ń jẹ́ nọ́ńbà ojúlé rẹ̀. Oníbàárà ló ń sọ olóúnjẹ lórúkọ, ohun tó bá sì wà nítòsí, tàbí orúkọ àkọ́bí ìyá náà, ni wọ́n fi ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló máa ń sọ ara rẹ̀ lórúkọ kí oníbàárà tó dé.

Ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nídìí ìkòkò

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń jẹun ní bùkà ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ìyá olóúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀:

– Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.
– O ṣé, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé? Kí ni kí n bù?
– Ẹ bá mi wa àmàlà mẹ́ta. Ẹ fi ìlasá sí i, kí ẹ wá bu ọbẹ̀ ata lé e.
– Ẹran ńkọ́?
– Ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan. Kì í ṣe èyí tó le o.
– Èwo ló le nínú ẹran mi? Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí!
– Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ bá mi fi omi ọbẹ̀ kún un.
– Omi ọbẹ̀ náà, owó ni mo fi sè é. Ó dáa, gbé abọ́ wá.

Gbólóhùn mẹ́jọ péré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni “ẹ bá mi”. Owó ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ fi ra oúnjẹ, síbẹ̀ ó béèrè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ “bá” yìí sọ kárà-kátà di oore, ẹni tó bá sì ti gbà láti ṣe oore yóò ṣòro fún un láti fi ọwọ́ líle bu ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí omi ọbẹ̀ àfikún ṣe jáde nígbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀nì tí alátẹ ń fún oníbàárà ní ọjà ni, ó kàn gba inú ìkòkò wá ni.

Èkejì ni arọ́pò-orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lo “ẹ”, ìyá ń lo “o”. Owó wà lọ́wọ́ ọmọdé, ọjọ́ orí wà lọ́wọ́ àgbà, àgbà kò sì torí owó yí ohùn padà. Bí awakọ̀ tó ti dàgbà bá wọlé, ìyá kan náà yóò yí sí “ẹ” lójú ẹsẹ̀, ó sì lè pè é ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó bá jókòó sí bùkà fún wákàtí kan yóò gbọ́ ìlò arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ ju èyí tí ìwé gírámà lè kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní iwájú gíláàsì, “sà” àti “mà” ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, fún ọmọdé àti àgbà bákan náà. Òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ kò láṣẹ láti bá oníbàárà wí. Bí wọ́n bá sọ pé ẹran rẹ̀ le, yóò tọrọ gáfárà ni. Ó mọ́, ó tutù, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ ẹnikẹ́ni ní “Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí!”

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Àmàlà, wọ́n ń wà á. Ọbẹ̀, wọ́n ń bù ú. Ẹran, wọ́n ń yàn án. Ẹ̀kọ, wọ́n ń ṣí i. Ohun tí oníbàárà fẹ́ gbé lọ, wọ́n ń dì í, nígbà kan rí nínú ewé eéran tàbí gbọ̀dọ̀gì. Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú gíláàsì sábà máa ń fi “mo fẹ́” tàbí “ẹ fún mi ní” ṣe gbogbo rẹ̀, ìyẹn bí kò bá ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Dídì pàápàá ti di tékàwéè.

Èyí tó burú jù ni ti ẹran. Yorùbá tó ń pa màlúù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní orúkọ fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, abọ́dí, ìfun, ọkàn, bọ̀kọ̀tọ̀, pọ̀nmọ́. Lórí àtẹ ilé oúnjẹ ìgbàlódé, púpọ̀ nínú wọn ti wọ inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, assorted. Ẹni tó bá béèrè assorted kò ní mọ èyí tí wọn yóò fún un, kò sì ní nílò láti mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà sídìí ọ̀rọ̀ yẹn yóò jẹ fùkù títí yóò fi di bàbá láìmọ̀ pé fùkù ni òun ń jẹ.

Ti àkọtọ́ náà wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1974 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀ pátákó oúnjẹ, ìbáà ṣe ti bùkà tàbí ti gíláàsì, ń kọ “shaki”, “kpomo” àti “efo” láìsí àmì kankan. Nínú èyí, ilé-iṣẹ́ olówó ńlá àti ìyá tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sára pákó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó kàn jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà lówó láti san fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ.

Ìlasá àti ẹni tó ń sè é

Kí ni èyí jẹ́ fún Ìbàràpá? Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti bàrà ló ń ti oko wọn jáde, láfún Ìbàràpá sì ní orúkọ. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń dá Igbó-Ọrà mọ̀ ni ìlasá, ìyẹn ewé ilá, tí wọ́n ń fi àmàlà jẹ. Àwọn ará ìlú gbà pé òun ló ń fà á tí ìbejì fi pọ̀ láàrin wọn. Dókítà Nylander, tó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìbejì láti àwọn ọdún 1960, rí i pé ìbejì tí wọ́n ń bí ní Igbó-Ọrà tó bíi 45 nínú ìgbà 1000 tí obìnrin bá rọbí, iye tó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti Yúróòpù lọ. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìlasá ló fà á, ṣùgbọ́n òkìkí ewé náà kò dúró de sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ní ìlú náà, àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni ìlasá.

Ta ni yóò wa àmàlà fún wọn? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní Igbó-Ọrà. Láti ọdún 1963 tí Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera agbègbè Ìbàràpá kalẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń wá gbé ìlú náà. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà àti ní Lánlátẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìkòkò nílé, olóúnjẹ ni ìyá rẹ̀. Nídìí oúnjẹ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti kọ́lé, tí wọ́n sì ti rán ọmọ níwèé. Bí ìyá olóúnjẹ bá lọ sí ọjà Tówóbòwò, láfún, ata àti ẹ̀gúsí tí ó ń rà ti ọwọ́ obìnrin tó mọ̀ ọ́n lórúkọ wá, ó sì lè gbé ọjà láwìn títí yóò fi tà. Àwìn yìí kan náà ni òun pẹ̀lú máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tíì dé láti ilé. Pátákó tó ń sọ pé kò sí àwìn lónìí, kí ènìyàn padà wá lọ́la, wà lára ògiri bùkà púpọ̀. Àwọn tó ń jẹ àwìn gan-an ló ń kà á sókè jù. Ilé oúnjẹ onígíláàsì ń gba owó kí wọ́n tó gbé abọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí gbogbo ọjà sì gbówó lórí, ìyàtọ̀ tó wà láàrin sísanwó ṣáájú àti sísanwó lẹ́yìn ti di ohun tó lè sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò jẹun ní ọjọ́ kan tàbí kò ní jẹ.

Ìlasá fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lórí àtẹ àwọn ilé oúnjẹ ńlá. Ó jọ pé ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri fẹ́ ohun tí ó lè rí rà ní gbogbo ìlú, ní gbogbo àsìkò, tí adùn rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ láti ẹ̀ka kan sí èkejì. Ewé ilá kò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tútù, ọ̀dọ́ ewé ló dára, bí wọ́n bá sì gbé ọbẹ̀ rẹ̀ sórí iná títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní fà mọ́. Oúnjẹ tó bá ti nílò ẹni tó mọ ewé kò rọrùn láti fi ìwé ìlànà kọ́ òṣìṣẹ́. Bí bùkà bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, irú oúnjẹ báyìí ló kọ́kọ́ ń padà sínú ilé, láti inú ilé ni yóò sì ti máa dín kù.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó bá yin bùkà láìsọ àbùkù rẹ̀ kò ṣe òdodo. Omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ní ibòmíràn kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò tí kò gbọ́ èdè lè san ju iye tó yẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé pátákó iye owó tó wà níwájú gíláàsì kò mọ ojú ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ tó sì kan olùkọ́ jù ni ti àwọn ọmọdébìnrin tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn bùkà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba èyí. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ lónìí ti fọ abọ́ fún ẹlòmíràn rí, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n sì gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ti dàgbà tó fúnra rẹ̀ yàn án yàtọ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n mú wá láti abúlé. Ilé oúnjẹ ìgbàlódé kì í sábà gba ọmọdé síṣẹ́, ó sì ń san owó oṣù. Ohun tí kò lè fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ìyá alámàlà lè di ìyá alámàlà lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń tẹ owó sínú ẹ̀rọ níwájú gíláàsì kò sábà di olówó ilé náà.

Bùkà nínú kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí wọ́n bá rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdèrè tàbí Tápà fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta láìná owó púpọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, kí ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún tó gbọ́ nídìí olóúnjẹ, kí ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. “Wà” àti “bù” yóò fún un láàyè láti kọ́ wọn bí ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan ṣe ń yí padà sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: wọ́n ń wà á, ṣùgbọ́n wọ́n ń wa àmàlà. Nínú ẹ̀kọ́ àkọtọ́, kí àwọn ọmọ da pátákó oúnjẹ kan kọ bó ṣe wà gan-an, kí wọ́n wá tún un kọ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa sára páálí, kí wọ́n fi ta olóúnjẹ náà lọ́rẹ. Ó ṣeé ṣe kí ó gbé e kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ọmọ kan yóò ṣe ìyá olóúnjẹ, èkejì yóò ṣe àgbàlagbà oníbàárà, ẹ̀kẹta yóò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pé. Kí olùkọ́ máa fetí sí ìgbà tí “o” bá yí sí “ẹ”, kí ó sì bi kíláàsì léèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé eré kan náà lọ síwájú gíláàsì, kí wọ́n wo iye gbólóhùn tó kù.

Fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ NCE, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lópin. Ẹnì kan lè kó orúkọ ẹran inú màlúù jọ ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, kí ó wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ẹlòmíràn lè bi àwọn ìyá olóúnjẹ tó ti dàgbà bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni, ọdún mélòó, irú ewé ilá wo ni wọ́n ń já, àti ta ni wọ́n ń kọ́ ní tiwọn báyìí. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán kò dára fún ìbéèrè, nítorí pé èrò pọ̀ nídìí ìkòkò. Ìgbà tí ìyá bá ti jókòó, tó ń ka owó, ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde. Kí olùwádìí sì ti jẹun níbẹ̀ kí ó tó yọ ìwé àti kálàmù.